Wọ́n jí báàgì àbúrò mi ní Barcelona, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ti lọ: níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Sátidé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé mo fi ìpayà kí yín ní kùtùkùtù. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leicester. Ó gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lọ sí Barcelona. Lálẹ́ àná, ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní Plaça de Catalunya, ẹnì kan da nǹkan sí i láṣọ, ẹlòmíràn ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bá a nù ún. Kí wọ́n tó nù ún tán, báàgì ti lọ.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ tí físà Schengen wà nínú rẹ̀ ti lọ. Káàdì báńkì òyìnbó 2 àti ti Nàìjíríà 1 ti lọ. Fóònù náà ti lọ, síìmù UK àti síìmù Nàìjíríà jọ wà nínú rẹ̀. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi pè wá. Mọ́ńdè ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Túsìdeè ni físà parí. Màmá wa ò fojú kan oorun.

Ẹnì kan ní kó kàn gba ìwé pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní ETC ní ẹ́ḿbásì wa, kó fi wọ bàálù padà sí UK. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Sátidé, 7:15 àárọ̀

Ẹ kú àdánù o, Àrẹ̀mú. Ẹ bá mi kí màmá. Bí wọn ò bá ti fọwọ́ kan ọmọ yẹn, ìwé ló sọnù, èèyàn ò sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ ETC fún yín kò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ìwé yẹn, Nàìjíríà nìkan ló lè gbé èèyàn dé. Àlọ ni, kò ní àbọ̀. Kì í gbé èèyàn padà síbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ojú mi ló ṣe. Ní Róòmù, nínú bọ́ọ̀sì 64 tó ń lọ sí apá Vatican, wọ́n yọ pọ́ọ̀sì mi láì jẹ́ kí n mọ̀. Mo gba ETC, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo dé orí káńtà, ọmọbìnrin ibẹ̀ yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní Nàìjíríà ni wọ́n kọ síbí, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Mo sunkún níbẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò padà wá.

Ohun kan wà tó sàn ju ìgbà tèmi lọ. Nígbà náà, káàdì BRP, ìyẹn káàdì àṣẹ ìgbélùú òyìnbó, la ń gbé kiri, olè sì lè gbé e lọ. Ní òpin 2024 ni ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàdì yẹn parí, eVisa, àṣẹ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ tí àbúrò yín fi ń gbé ìlú òyìnbó kò sí nínú báàgì yẹn rárá, inú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI, àjọ tó ń rí sí físà UK, ló wà. Ibi tí wàhálà wà ni pé pásípọ́ọ̀tù tó sọnù yẹn ni wọ́n so eVisa mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tuntun, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì náà, kí ọlọ́kọ̀ òfurufú tó lè rí i pé ó láṣẹ láti wọlé.

Òṣìṣẹ́_Báńkì_Èkó · Sátidé, 7:31 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ọ̀rọ̀ ẹ́ḿbásì tó gùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, torí olè ò ní dúró de Mọ́ńdè.

Ṣé ó ti pe báńkì? Bí kò bá tíì pè, kó pè nísinsìnyí. Nọ́ńbà tí a máa ń pè, ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀yìn káàdì sì ti bá olè lọ. Kó wá a lórí ojúlé báńkì náà gan-an, kó má pe nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìpolówó. Àwọn gbájúẹ̀ ń gbé nọ́ńbà ayédèrú síbẹ̀ de irú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ báyìí.

Ní Sípéènì, wọ́n lè fi káàdì kan ẹ̀rọ láì tẹ PIN títí dé 50 yúrò lẹ́ẹ̀kan. Olè á ra sìgá níbí, á ra bàtà lọ́hùn-ún. Òfin UK ni pé bí kì í bá ṣe pé oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ fa á tàbí kó jáfara jù, kò ní ru ju £35 lọ nínú ohun tí olè ná kó tó fi tó báńkì létí. Lẹ́yìn tó bá ti sọ, kò ní ru kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó kọ aago tó pè sílẹ̀, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni síìmù Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa ò fi PIN ti síìmù pa. Ẹni tó bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn, òun ni kóòdù báńkì á máa wọlé sí lọ́wọ́. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n dí i, kí àbúrò yín wà lórí ìpè náà, torí òun ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè. Báńkì Nàìjíríà, kó pe àwọn náà fúnra rẹ̀, kó ní kí wọ́n dí káàdì, kí wọ́n sì fi PND sórí àkáǹtì kí owó má lè jáde títí yóò fi padà ní síìmù. Kí ẹ̀gbọ́n lọ dúró ní báńkì l'Ábẹ́òkúta kò tó. A kì í tú àkáǹtì oníbàárà fún ẹlòmíràn, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ìyá.

Bàbá_Adé_Madrid · Sátidé, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú. Láti 2006 ni mo ti wà ní Sípéènì, n kò lè ka iye ọmọ wa tí mo ti bá rìn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Lónìí, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Ní Barcelona, àwọn Mossos d'Esquadra, ọlọ́pàá agbègbè ibẹ̀, ni kó bá. Àgọ́ wọn kan wà ní Nou de la Rambla, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ olè báàgì dáadáa níbẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n máa fún un, *denuncia* ni wọ́n ń pè é. Kó rí i pé wọ́n kọ pásípọ́ọ̀tù síbẹ̀ ní kedere, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ bó bá rántí, kì í ṣe "báàgì kan" lásán. Kó gba èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò jẹ́ ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: òun ni yóò fi han òtẹ́ẹ̀lì, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, báńkì, ẹ́ḿbásì.

Ẹ́ḿbásì wa, Madrid ló wà, kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó yára máa ń gbà tó wákàtí 2 ààbọ̀ sí 3. Kó wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má jẹ́ kí físà yẹn kú ní Túsìdeè láì ṣe nǹkan sí i. Nínú òfin físà Schengen, abala 33, bí ohun tó ju agbára èèyàn lọ bá dá a dúró, wọ́n á fi ọjọ́ kún físà rẹ̀, wọn ò sì ní gba owó. *Prórroga de estancia* ni wọ́n ń pè é níbí. Ṣùgbọ́n kí físà tó parí ni a máa ń béèrè. Ọmọ wa kan dákẹ́ sílé títí ọjọ́ 19 fi kọjá, ó ní "wọ́n ṣáà mọ̀ pé wọ́n jà mí lólè." Wọn ò mọ̀ o. Nígbà tó tún béèrè físà lọ́dún kejì, ọjọ́ 19 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bi í.

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Sátidé, 9:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ti dí káàdì òyìnbó méjèèjì. Olè ti ná 86 yúrò kó tó pè. Ti Nàìjíríà ló ń fa wàhálà, nítorí ímeèlì. Bó bá fẹ́ wọ ímeèlì rẹ̀ lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ olè! Inú ímeèlì yẹn náà sì ni ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà.

NIN rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n máa béèrè? Mo rí slip rẹ̀ nínú àpótí màmá. Nọ́ńbà náà nìyí: [a ti pa á rẹ́]

Alábòójútó · Sátidé, 9:08 àárọ̀

Mo ti pa NIN tí ẹ kọ síbẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ NIN, BVN, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù tàbí àwòrán ìwé kankan síbí. Ẹnì kan tún ti kọ ọ́ pé òun "ní èèyàn ní ẹ́ḿbásì" tó lè ṣe pásípọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ 2, kí wọ́n fi 400 yúrò ránṣẹ́. Mo ti lé e kúrò. Irú wọn á tún kọ lẹ́tà sí yín ní kọ̀rọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.

Òṣìṣẹ́_Báńkì_Èkó · Sátidé, 9:20 àárọ̀

Ṣé kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí ímeèlì yẹn ti wà ní ṣíṣí? Bó bá fi láptọ́ọ̀pù sílé ní Leicester, kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé bá a tan án. Látorí ibẹ̀ ni wọ́n á ti yọ nọ́ńbà tí olè gbé lọ kúrò, wọ́n á fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, wọ́n á sì lé fóònù tó sọnù jáde nínú ímeèlì. Ẹ ṣe é kíákíá. Ẹni tó bá ní ímeèlì rẹ ló ni ẹ́.

Alhaja_Ìlọrin · Sátidé, 10:02 àárọ̀

Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò. Nígbà tí tèmi sọnù ní Mẹ́kà, ní Umrah, kọ́ńsúlétì wa ní Jeddah ni wọ́n gbé mi lọ. Ọmọ mi ló gbà mí sílẹ̀, torí ó ti ṣe ẹ̀dà ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù àti físà, ó fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ àpótí ẹrù mi, ó gbé ọ̀kan sílé. Bébà lásán ni, kò nílò iná, kò nílò kóòdù. Ìwọ Àrẹ̀mú, wo inú àpótí màmá rẹ dáadáa, bóyá ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù wà níbi tí NIN wà.

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Sátidé, 11:47 àárọ̀

Alhaja, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn ta yín lọ́rẹ. Ó wà níbẹ̀! Ẹ̀dà tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ ní 2022. Mo ti ya á ní fọ́tò fún un, ó ti fi kọ ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú nọ́ńbà pípé. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé náà ti rí ímeèlì ṣí lórí láptọ́ọ̀pù.

Kọ́lá_Ìkẹjà · Sátidé, 1:30 ọ̀sán

Mo fẹ́ sọ nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń sá fún ETC? Kó gbà á, kó máa bọ̀ nílé. Láti September 2025, ₦100,000 ni pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 níbí, $150 ni lókè òkun. Kó ṣe é nílé, kó fi nọ́ńbà tuntun sínú àkáǹtì UKVI, kó wọ bàálù láti Èkó. Màmá á tún rí ọmọ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Sátidé, 2:11 ọ̀sán

Kọ́lá, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, n kò ní jiyàn pé kò ṣeé ṣe. Fún ẹni tí iṣẹ́ kò dè lọ́nà, ó lè dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì Barcelona sí Èkó, ẹ ṣírò ti Èkó sí UK, nígbà tí kò sí káàdì kankan lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ tún rántí pé nọ́ọ̀sì ni, físà iṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Kó pe ọ̀gá rẹ̀ lónìí, kó fi ìwé ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí i, kí àìsí níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdí lákọsílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló dúró fún un lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ ròyìn bí òṣìṣẹ́ bá ń pa iṣẹ́ jẹ láì gbàyè.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Houston · Sátidé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń ka èyí, tiwa yàtọ̀. Green card mi sọnù l'Ékòó, níbi ìsìnkú bàbá mi. Kò sí eVisa kankan tí mo lè tọ́ka sí. Fọ́ọ̀mù I-131A ni mo kọ, $575 ni mo san lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó gba ọjọ́ ní kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pásípọ́ọ̀tù mi tó jẹ́ kí wọ́n gbà mí sínú bàálù lẹ́ẹ̀kan péré. Mo dé Houston, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ I-90 fún káàdì tuntun. Ẹni tó bá ti lò tó ọdún 1 lẹ́yìn odi kò lè gba ọ̀nà yìí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Dúró_Cotonou · Sátidé, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un ní ṣókí. Àwọn èèyàn rò pé torí ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà, a lè rìn láìsí ìwé. Bí ìwé bá sọnù ní Cotonou, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ gba *déclaration de perte*, ìwé tó ń sọ pé ó sọnù, ẹ lọ sí ẹ́ḿbásì Nàìjíríà. Ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ní ẹnubodè Kraké. Mo ti rí ẹni tí ìyẹn mú sùn àtìmọ́lé.

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Mọ́ńdè, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá Adé lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní Madrid! N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Bí mo bá fi owó ránṣẹ́ sí i ní orúkọ ara rẹ̀, wọn ò ní san án, torí kò ní ìwé ìdánimọ̀. Bàbá Adé ni mo fi ránṣẹ́ sí, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ní ẹ́ḿbásì, wọ́n gba ìwé ọlọ́pàá, ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti NIN. Ó forúkọ sílẹ̀ lórí ojúlé Immigration, ó san $150, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tí wọ́n á gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìnira kan ṣoṣo: lórí NIN, orúkọ àárín rẹ̀ ní "h" kan tí kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ tún un ṣe. Lẹ́tà kan péré!

Bàbá_Adé_Madrid · Mọ́ńdè, 9:12 alẹ́

Kò tó ọpẹ́, ọmọ wa ni. Ìyàwó mi ti fi àmàlà gbà á lálejò. Lọ́la a máa lọ béèrè fún ọjọ́ lórí físà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lórí NIN àti pásípọ́ọ̀tù kò bá ara mu, ẹ wá nǹkan ṣe sí i nígbà tí ara ṣì rọ̀ yín. Lẹ́tà kan lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ èèyàn.

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Tọ́sìdeè, 3:25 ọ̀sán

Ẹ wá gbọ́ o! Ọlọ́pàá Barcelona pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Agbálẹ̀ kan rí báàgì náà nínú ààtàn. Owó àti fóònù ti lọ, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, físà wà nínú rẹ̀! Màmá ti ń kọrin. Ṣé kó kàn gbé e, kó wọ bàálù lọ́la?

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Tọ́sìdeè, 3:34 ọ̀sán

Rárá o! Ẹ dá a dúró!

Bàbá_Adé_Madrid · Tọ́sìdeè, 3:50 ọ̀sán

Àrẹ̀mú, sọ fún màmá kí wọ́n ṣe sùúrù. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù yẹn ti kú. Ọjọ́ tí a kọ ọ́ ní ẹ́ḿbásì pé wọ́n jí i ni wọ́n fagi lé e. Láti 2002 ni Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, ti ní àkójọ ìwé ìrìnnà tó sọnù tàbí tí wọ́n jí, orílẹ̀-èdè tó ṣe ìwé ló ń fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ ẹnubodè sì ń wò ó. Bó bá fi í lélẹ̀ níwájú wọn, òun tó ni ín ni wọ́n máa mú wò bí ẹni tó ń lo ìwé olè. Kò sí bí a ṣe ń "jí i dìde". Kó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó mú un wá fún ẹ́ḿbásì.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí tirẹ̀ kàn *sọnù*, tí kì í ṣe pé wọ́n jí i, pé kó kọ́kọ́ wá a: kó tú àpótí, kó padà sí òtẹ́ẹ̀lì, kó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ takisí. Wákàtí mélòó kan ò pa nǹkan lára. Ti àbúrò rẹ kò gba irú ìdúró bẹ́ẹ̀, wọ́n jí i gbé ni.

Àrẹ̀mú_Abẹ́òkúta · Lẹ́yìn ọjọ́ 24

Ẹ̀yin ará, ó ti dé Leicester lálẹ́ àná.

Ní ọjọ́ 18 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ dé ẹ́ḿbásì ni pásípọ́ọ̀tù tuntun jáde. Ó wọ àkáǹtì UKVI pẹ̀lú nọ́ńbà ti àtijọ́, kóòdù wọlé sí ímeèlì, ó fi ti tuntun sí i. Ìyá Ìbejì ní kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì títí nọ́ńbà tuntun yóò fi hàn níbẹ̀, ó sì gbọ́ràn. Ọjọ́ 4 ló fi dúró. Ní pápákọ̀ òfurufú Madrid, wọ́n wo ìwé ọjọ́ tí wọ́n fi kún físà rẹ̀, wọ́n wo *denuncia*, wọ́n lu òǹtẹ̀. Báńkì òyìnbó ti dá 86 yúrò padà. Síìmù Nàìjíríà ló kù, ó di ìgbà tó bá wálé ní December.

Màmá ní kí n béèrè àdírẹ́sì ìyàwó Bàbá Adé. Wọ́n ti di ẹ̀gúsí, ìrú àti èlùbọ́ sínú páálí kan, ẹni tó ń lọ sí Madrid lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ti gbà láti bá wa gbé e. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí Alábòójútó má baà pa á rẹ́.